Ìrẹsì Mẹ́ta Lára Okùn Agbọ̀n

Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ṣùgbọ́n ta ni yóò pa irú òwe bẹ́ẹ̀ sí Dókítà Hemlal Pradhan létí ní àárọ̀ ọjọ́ náà? Odidi ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń darí Ọgbà Ẹranko Gurasdara, ó sì dúró báyìí níwájú àgò tó ṣófo, ọwọ́ méjèèjì lórí bí ẹni tí iná jó ilé rẹ̀, ẹnu là sílẹ̀. Àgádágodo wà nílẹ̀, òkúta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ òkè ń fi ilẹ̀kùn àgò ṣeré, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé. Sayapatri kò sí níbẹ̀.

Ta ni kò mọ Sayapatri? Habre ni, ẹranko òkè tí kò ju ológbò ńlá lọ, tí irú rẹ̀ ti ń tán lọ láyé bí òróró inú fìtílà. Orúkọ òdòdó ni wọ́n sọ ọ́. Láràárọ̀ tí Bàbá Gaha, olórí àwọn olùtọ́jú, bá gbé ewé ọparun lọ fún un, bí ẹni ń ki ọmọ ni í máa kì í:

Sayapatri, òdòdó tó ń rìn,
A-pupa-bí-ẹyin-iná,
Onírù òrùka mẹ́sàn-án tí í fi ìrù bora sùn,
Ẹlẹ́sẹ̀ dúdú tí í tẹ ẹ̀ka jẹ́jẹ́ bí ẹni tẹ ilẹ̀ ààfin.

Ọ̀túnla ni wọn ì bá gbé e lọ sínú igbó òkè, kí wọ́n tú u sílẹ̀ kó lọ bímọ, kó gbilẹ̀. Gbogbo ìlú ló ń ka ọjọ́.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Phulmaya Moktan gun àtẹ̀gùn òkúta wọlé, Kọ́nsítébù Rabden tẹ̀ lé e. Obìnrin kúkurú ni, kì í pariwo, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀daràn ìlú náà máa ń sọ pé ojú rẹ̀ a máa gbọ́ ohun tí etí ẹlòmíràn kò gbọ́. Àná ni ọjọ́ tika nínú ọdún Dasain. Tika náà, ìrẹsì tí wọ́n fi wàrà kíkan àti lẹ́búlẹ́bú pupa pò, tí àgbà ilé lẹ̀ mọ́ ọmọ níwájú orí pẹ̀lú àdúrà, ṣì wà níwájú orí rẹ̀ àti ti gbogbo ẹni tó pé jọ síbẹ̀, àfi ẹnì kan.

"Dókítà, ẹ mí ná," ni Phulmaya wí. "Ìgbà wo lẹ rí i gbẹ̀yìn?"

"Lánàá, aago mọ́kànlá, kí n tó lọ gba tika lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ó wà lórí igi rẹ̀, ó ń lá àtẹ́lẹsẹ̀."

"Àwọn wo ló ní kọ́kọ́rọ́ àgò yìí?"

"Àwa mẹ́ta. Èmi, Bàbá Gaha, àti Nimkit. Ṣùgbọ́n kí ni ti kọ́kọ́rọ́? Ṣé ẹ ò rí i pé òkúta ni wọ́n fi fọ́ ọ ni?"

Phulmaya bẹ̀rẹ̀, ó gbé àgádágodo náà, ó wò ó lójú, ó wò ó lẹ́yìn, ó sọ ọ́ sínú àpò. Rabden ti ń ka ìwé ẹranko náà sókè: "Habre, abo, ọmọ ọdún mẹ́rin. Etí òsì rẹ̀ ya nígbà tí ilẹ̀kùn àgò há a ní kékeré. Kò gbọdọ̀ wà níbi tó bá gbóná."

"Bí ibẹ̀ bá gbóná ńkọ́?"

"Yóò kú." Ohùn Bàbá Gaha ni, láti ẹ̀yìn wọn. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni, ó gbẹ bí igi ìdáná, tika pupa níwájú orí. "Bí kò bá rí omi, tí oòrùn sì mú un, kò ní rí ìrọ̀lẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sáàárín èrò bí yìnyín sínú omi gbígbóná. Nísàlẹ̀ òkè náà ni pẹ̀tẹ́lẹ̀ wà, ìrìn wákàtí mẹ́ta pẹ̀lú ọkọ̀, ooru ibẹ̀ kò sì mọ ọdún yàtọ̀.

"Rabden, tẹ àwọn tó wà ní ibùdó àyẹ̀wò láago. Kí wọ́n dá gbogbo ọkọ̀ dúró. Ẹ ti géètì yìí. Òṣìṣẹ́ kankan kò gbọdọ̀ jáde títí n ó fi sọ pé ó yá."

Bàbá Gaha gbójú sókè wo oòrùn. "Títí di aago mélòó, Màdáámù?"

"Títí a ó fi rí i, Bàbá."

* * *

Nimkit Lepcha, olùtọ́jú ẹranko, ni ẹnì kan ṣoṣo tí iwájú orí rẹ̀ mọ́ foo. Nínú yàrá tí wọ́n ń kó búrọ́ọ̀ṣì àti korobá sí ni wọ́n ti bi í léèrè.

"Gbogbo ayé ló gba tika," ni Rabden wí. "Ìwọ nìkan lo dá yàtọ̀ bí eyín góòlù."

"Ilé tiwa kì í gbà á, ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọdún bá dé, èmi ni wọ́n máa fi ń ṣọ́ ọgbà. Wọ́n á ní, 'Nimkit, kò kúkú sí àgbà tó ń dúró dè ọ́ pẹ̀lú ìrẹsì.' Wọ́n á lọ jẹ ẹran ewúrẹ́, èmi á máa fi òórùn rẹ̀ jẹ búrẹ́dì."

"Láti aago mélòó lo dá wà?"

"Láti ọ̀sán gangan títí di aago mẹ́rin. Ọ̀dọ̀ ẹkùn yìnyín ni mo wà. Akọ rẹ̀ ń ṣu omi, mo jókòó tì í."

"Ta ni ẹlẹ́rìí rẹ?"

"Ẹkùn."

"Ṣé kí n lọ bi í ni?"

"Ẹ lọ, ẹ̀gbọ́n. Ọwọ́ tí ẹ ò bá nílò mọ́ ni kí ẹ nà sí i."

Phulmaya rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Ṣé àlejò kankan wá?"

"Onírùngbọ̀n kan láti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọkọ̀ funfun. Ó ní kí n ṣí géètì kí ọmọ òun wo habre. Mo ní ọdún la wà. Ó bú mi títí ó fi lọ." Nimkit yíjú sí Phulmaya. "Àpótí onígi kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, Màdáámù. Aṣọ ni wọ́n fi bò ó. Nǹkan kan ń jà gìdìgìdì nínú rẹ̀."

Kò tíì pa ẹnu dé tí Dókítà Pradhan, tó ń tẹ́tí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, fi já wọlé. "Kí lẹ ń bi í sí? Òun nìkan ló wà níbí! Ẹ mú un! Ó jọ pé ó ti tà á fún onírùngbọ̀n!"

Nimkit wo ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni tí ẹṣin ta nípàá láyà. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń kó ìgbẹ́ ẹranko fún un. "Èmi, Dókítà?"

Lójú fèrèsé, Bàbá Gaha ti orí bọ inú yàrá. "Nimkit kọ́," ló wí. "Ẹ jọ̀ọ́, Màdáámù, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ ò tíì ṣí géètì?"

* * *

Wọ́n rí ọkọ̀ funfun. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ tíì kúrò nílùú, ilé àna rẹ̀ ló sùn ní ìsàlẹ̀ òkè. Nígbà tí Phulmaya àti Rabden dé ibẹ̀, àpótí onígi náà wà lẹ́yìn ọkọ̀ nínú oòrùn, aṣọ lórí rẹ̀, ihò kéékèèké lára rẹ̀. Rabden yọjú wo inú ihò kan, ó sì fò sẹ́yìn.

"Ọ̀gá! Pupa ni! Mo rí pupa!"

Phulmaya fi etí ti àpótí. Nǹkan kan kò dún nínú rẹ̀ mọ́. "Ṣí i. Kíákíá!"

Rabden fa ìdérí ya. Ohun pupa kan gbéra bí iná, ó fi èékánná gbá a níwájú orí, ó sì bà sórí òrùlé ọkọ̀, ó kọ lálá títí òkè fi dáhùn. Àkùkọ ni. Àkùkọ pupa ràgàjì tí ọkùnrin náà gbé wá fún bàbá ìyàwó rẹ̀ lọ́dún.

Onírùngbọ̀n jáde síta pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. "Ẹ ti dá a sílẹ̀? Ta ni yóò bá mi mú un? Èmi tí mo fi ẹ̀jẹ̀ ra ìfẹ́ àna mi!"

Bí wọ́n ṣe ń gun òkè padà, Rabden kò yé fi ọwọ́ pa iwájú orí. Tika rẹ̀ ti dànù, ìrẹsì méjì péré ló kù lókè ìpéǹpéjú.

"Ọ̀gá, ẹ wò mí. Bí mo bá délé báyìí, ìyá mi á ní ta ni mo bá jà lọ́jọ́ ọdún. Bí mo bá sì ní àkùkọ ni, á ní irọ́ ni mò ń pa."

"Bọ́jú, kí o wá ẹni tó jù ọ́ lọ kó fún ọ ní òmíràn."

* * *

Ẹni tó ju gbogbo ènìyàn lọ ní Gurasdara ni Màmá Devkumari, tó ń ta tíì lẹ́nu géètì ọgbà láti ìgbà tí ọgbà náà kò tíì ní ọgbà. Ó ti pé ọgọ́rin ọdún, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Ó rí iwájú orí Rabden, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ha ọ́ lójú? Ìyàwó tàbí ológbò?"

"Àkùkọ ni, Màmá."

"Irọ́ lo pa. Wá, tẹ orí ba." Ó kó ìrẹsì pupa nínú àwo, ó ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó ń súre: ẹ̀mí gígùn, ọmọ rere, kí ọ̀tá máa ṣubú níwájú, kí orí òkè má ya lé e. "Ọwọ́ mi ń ríṣẹ́ lọ́dún yìí. Ta lẹ rò pé ó wá tẹrí ba fún mi lánàá? Gaha!"

Àwọn tó ń mu tíì hó yèè.

"Mo ń sọ fún yín! Ogójì ọdún ni mo ti ń bẹ ọkùnrin yẹn pé kó jẹ́ kí n fi pupa kàn án. Á ní, 'Màmá, funfun ni ilé tiwa ń lẹ̀. Bàbá mi kò lẹ pupa, èmi kò ní lẹ pupa.' Ọkùnrin olórí kunkun! Àfi lánàá, nǹkan bí aago mẹ́rin, tó bá ọ̀nà ẹ̀yìn yọ, ó ń mí hẹlẹ, ó ní, 'Màmá, ẹ fún mi.' Mo ní ọ̀run ti ya!"

Phulmaya bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gbé ife tíì rẹ̀ sẹ́nu, ojú rẹ̀ sì lọ sókè, síbi pátákó ńlá tó wà lókè géètì. Habre kan ló wà nínú àwòrán náà, ó jókòó sórí ẹ̀ka, wọ́n sì kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé MAKHAMALI Ń GBÉ LÁLÀÁFÍÀ NÍNÚ IGBÓ RẸ̀. Makhamali ni ẹ̀gbọ́n Sayapatri, èyí tí wọ́n tú sílẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Gbogbo ọmọ ilé ìwé ìlú náà ló mọ àwòrán yẹn. Phulmaya ti rí i nígbà ọgọ́rùn-ún, kò wò ó rí. Lónìí ó wò ó. Ó wo etí ọ̀tún ẹranko náà, ó wo etí òsì. Tíì gbóná lẹ́nu rẹ̀, kò mọ̀.

"Màdáámù." Bàbá Gaha ti dúró lẹ́yìn irin géètì, nínú ọgbà. "Ọ̀sán ti ń pọ́n. Ṣé ẹ ó jẹ́ kí n jáde ní wákàtí kan péré? Oògùn mi wà nílé."

"Rabden yóò bá yín lọ mú un, Bàbá."

"Rárá," ni àgbà náà wí kíákíá. "Rárá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Ó tún wo oòrùn.

* * *

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ó ju èje lọ," ni Phulmaya wí fún Rabden bí wọ́n ṣe padà síwájú àgò. Ó yọ àgádágodo jáde. "Wo ara rẹ̀. Òkúta ti lù ú wọ́gọwọ̀gọ. Wo irin ẹnu rẹ̀ báyìí."

"Ó wà ní ṣíṣí."

"Ṣé ó wọ́?"

Rabden yí i sọ́tùn-ún sósì. "Kò wọ́."

"Àgádágodo tí wọ́n bá fi òkúta já nígbà tó wà ní títì, ẹnu rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ́. Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n fi ṣí èyí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn tó ṣí tán ni wọ́n tó lù ú."

"Ẹni mẹ́ta ló ní kọ́kọ́rọ́. Nimkit nìkan ló sì wà níbí. Àbí Dókítà ló tọ̀nà?"

Phulmaya sọ àgádágodo padà sínú àpò. Ó pe Nimkit, ó ní kó mú wọn lọ sínú abà tí wọ́n ń kó ọparun sí. Nimkit dúró lẹ́nu ọ̀nà abà, ó ń ka ìdì ewé, ó tún un kà.

"Mẹ́fà la gé wá láti òkè níjẹta, Màdáámù. Mẹ́ta ló kù. Ìgò oyin tí a fi ń po oògùn Sayapatri náà ti lọ."

"Ṣé ẹranko mìíràn ń jẹ irú ewé yìí?"

"Òun nìkan ni."

Phulmaya yíjú sí Rabden. "Olè a máa gbé ẹran. Ǹjẹ́ o gbọ́ ọ rí pé olè gbé oúnjẹ ọ̀pọ̀ ọjọ́ dání fún ẹran, tó tún rántí oògùn rẹ̀?"

Rabden mi orí.

Agbọ̀n márùn-ún ló fi ara ti ògiri abà, àwọn agbọ̀n ẹ̀yìn tí àwọn ará òkè fi ń ru ẹrù, oníkálukú pẹ̀lú namlo rẹ̀, okùn pẹlẹbẹ tí í gba ìdí agbọ̀n kọjá, tí a ń fi kọ́ iwájú orí. Mẹ́rin gbẹ, eruku bò wọ́n. Phulmaya fa ìkarùn-ún síta. Irun pupa wà nínú rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ibi tí ewé ọparun ti rẹ̀ sí. Ó fa namlo rẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀. Ní àárín gbùngbùn ibi tí okùn náà máa ń tẹ iwájú orí, ìrẹsì mẹ́ta há sáàárín okùn híhun.

"Ìrẹsì lásán," ni Rabden wí. "Tika ni. Ta ni kò ní tika?"

"Lánàá ọjọ́ tika, ta ni í ru ẹrù? Ẹrú pàápàá kì í ru ẹrù lọ́jọ́ náà. Wò ó dáadáa. Àwọ̀ wo ni?"

"Funfun."

"Tìrẹ ńkọ́?"

Rabden gbé ọwọ́ lọ síwájú orí, ó wo ìka rẹ̀. Ó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ó gbójú sókè wo ọ̀gá rẹ̀, ó rí i pé ojú obìnrin náà ti ṣú.

Nígbà tí Phulmaya wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ ilé ìwé tò wá wo ọgbà, ẹni tó gbé ọmọ habre lé e lọ́wọ́, tó ní, "Má fún un lọ́rùn, ọmọ mi, òun náà ní ìyá," ni Bàbá Gaha. Phulmaya di namlo náà mú, ó gbàdúrà nínú: Ẹlẹ́dàá mi, jẹ́ kó jẹ́ pé mo ṣì í.

Ṣùgbọ́n kò ṣì í.

* * *

Ó kó wọn jọ síwájú àgò: Dókítà Pradhan, Nimkit, Bàbá Gaha. Màmá Devkumari náà bá wọn wá, nítorí kò sí ẹni tó lè lé e.

"Olè wa ní kọ́kọ́rọ́," ni Phulmaya wí. "Ó fẹ́ràn ẹran tó jí, ó gbé oúnjẹ rẹ̀ dání. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣe àṣìṣe. Ó gbé agbọ̀n kọ́rí lọ́jọ́ tí kò sí ẹni tó ń ru ẹrù, namlo sì nu tika rẹ̀ dànù. Ó mọ̀ pé bí òun bá délé pẹ̀lú iwájú orí tó bàjẹ́, wọn yóò bi òun pé ẹrù wo lo rù lọ́jọ́ ọdún? Nítorí náà ó yà lọ́dọ̀ àgbà tó kọ́kọ́ rí lójú ọ̀nà, ó ní kí wọ́n fún òun ní òmíràn. Funfun ló ti dànù. Pupa ni wọ́n fún un."

Màmá Devkumari fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yé è! Gaha?"

"Kò lè jẹ́!" ni Nimkit kígbe. "Bàbá ló fi ìgò bọ́ ọ dàgbà! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màdáámù, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!"

Bàbá Gaha kò jiyàn. Ó kúnlẹ̀ gbì sórí òkúta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ẹnikẹ́ni ń retí.

"Aago mélòó ni, Màdáámù?"

"Ó kù díẹ̀ kó lu ọ̀kan."

"Ó wà nínú ahéré àwọn darandaran lókè yẹn, tí wọ́n ti fi sílẹ̀. Páànù ni òrùlé rẹ̀. Abọ́ omi kan ni mo gbé sílẹ̀ fún un lánàá, mo ní n ó padà lọ láàárọ̀ yìí kí oòrùn tó mú." Omijé dà lójú rẹ̀. "Ẹ ti géètì mọ́ mi."

Ẹnu Phulmaya fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ. Láti àárọ̀ tó ti ń sá kiri kí Sayapatri má bàa kú, òun ló ń pa á.

"Ẹ ṣí géètì!" ló kígbe. "Nimkit, gbé omi! Rabden, gbé agbọ̀n yẹn!"

* * *

Ọ̀nà náà ga bí àkàbà. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Nimkit ló ṣáájú, omi ń ta sí i lẹ́sẹ̀, Bàbá Gaha tẹ̀ lé e bí ọmọ ogún ọdún, Dókítà Pradhan ń mí bí ewìrì lẹ́yìn gbogbo wọn. Páànù ahéré náà ń kọ mànà nínú oòrùn. Nígbà tí Phulmaya fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, ooru jáde pàdé rẹ̀ bí ti inú ààrò.

Sayapatri na gbalaja sínú àpótí kan, ahọ́n jáde, ìrù olórùka mẹ́sàn-án nà sílẹ̀ bí okùn tí wọ́n gbàgbé. Abọ́ omi ti dojú dé.

"Ó ti kú," ni Rabden wí wúyẹ́wúyẹ́.

Bàbá Gaha gbé e síta sábẹ́ igi, ó ti ìka bọ omi, ó fi kàn án ní ahọ́n. Ó ń kì í, ohùn rẹ̀ ń ya: "Sayapatri, òdòdó tó ń rìn, a-pupa-bí-ẹyin-iná, má fi mí sílẹ̀, má bá ẹ̀gbọ́n rẹ lọ…" Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ahọ́n pupa kékeré náà mì. Ó lá ìka àgbà náà. Ó wá omi síwájú sí i. Nimkit jókòó bàà sílẹ̀, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n Phulmaya ti gbọ́ ohun kan. "'Má bá ẹ̀gbọ́n rẹ lọ.' Lọ síbo, Bàbá?"

"Ẹ mú olè yìí!" ni Dókítà Pradhan ké, èémí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. "Ẹ gbé ẹran náà fún mi. Ọ̀túnla a ó tú u sílẹ̀, kò sóhun tó yí i padà!"

Bàbá Gaha dìde. Ó wọ inú ahéré, ó na ọwọ́ sí abẹ́ òrùlé, ó mú nǹkan kan bọ̀, wọ́n fi àkísà wé e. Ó tú u. Okùn ọrùn aláwọ ni, ẹ̀rọ kékeré tí í fi ibi tí ẹran wà hàn wà lára rẹ̀. Eyín ti já a sí méjì.

"Ti Makhamali rèé," ló wí. "Ọjọ́ kẹtàdínlógún tí a tú u sílẹ̀. Ajá àwọn darandaran ló pa á. Èyí àti ìrù rẹ̀ nìkan ni mo rí kó."

"Makhamali?" Nimkit dìde dúró. "Bàbá, kí lẹ ń sọ? Makhamali wà láàyè! Ọmọ mi ń kọrin rẹ̀ nílé ìwé!"

"Mo gbé e lọ hàn Dókítà. Ó ní bí ìlú bá gbọ́, wọn yóò ti ọgbà pa, gbogbo wa yóò di aláìníṣẹ́. Ó ní kí n panu mọ́, mo sì pa á mọ́. Ọdún méjì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo bẹ̀ ẹ́ lóṣù yìí pé kó má tú èyí sílẹ̀ síbẹ̀. Ó ní wọ́n ti kó ajá kúrò. Mo lọ wò ó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mọ́kànlá ni mo kà." Ó yíjú sí Nimkit. "Kí wọ́n má bàa fura sí ọ ni mo ṣe fọ́ àgádágodo. Dárí jì mí."

"Arúgbó ti ń ṣarán!" ni Dókítà wí. "Makhamali wà láàyè. Ẹ ti rí àwòrán rẹ̀!"

"Mo rí i," ni Phulmaya wí jẹ́jẹ́. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lónìí ni. Etí òsì rẹ̀ ya." Ó tọ́ka sí ẹranko tó ń lá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Gaha, tí etí òsì rẹ̀ là bí ewé tí kòkòrò jẹ. "Ìwé yín ló sọ pé ilẹ̀kùn àgò ló ya á ní kékeré. Dókítà, Sayapatri lẹ yà lórí igi inú ọgbà, tí ẹ fi orúkọ òkú kọ́ ọ lọ́rùn."

Dókítà Pradhan ṣí ẹnu, ó pa á dé, bí ilẹ̀kùn àgò òwúrọ̀. Nimkit ń wò ó, ń wò ó, bí ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ènìyàn láyé.

Rabden ti mú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́. Ó wo àgbà, ó wo dókítà, ó wo ọ̀gá rẹ̀. "Ta ni kí n fi í sí lọ́wọ́?"

"Kọ́kọ́ fi í pamọ́. Àwọn méjèèjì yóò tẹ̀ lé wa dé àgọ́. Ẹjọ́ olè kan wà níbẹ̀, ẹjọ́ irọ́ kan sì wà níbẹ̀. Sayapatri ti di ẹ̀rí nínú méjèèjì, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tú ẹ̀rí sílẹ̀ fún ajá nínú igbó."

"Títí di ìgbà wo?" ni Dókítà béèrè.

"Títí n ó fi ka ajá fúnra mi tí n kò ní rí ẹyọ kan."

Ó gba agbọ̀n lọ́wọ́ Rabden. Ó tẹ́ ewé ọparun tútù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ju ìrẹsì mẹ́ta náà, tó ti kó sínú ìwé, sí àpò. Lẹ́yìn náà ó gbé namlo náà lọ́wọ́ méjèèjì, bí ẹni ń gbé nǹkan fún àgbà, ó sì lọ dúró níwájú Bàbá Gaha.

"Ẹsẹ̀ tiwa kò mọ ọ̀nà yìí bí tiyín, Sayapatri kò sì ní gbà kí ẹlòmíràn gbé òun," ló wí. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbé e sọ̀kalẹ̀."